Balùwẹ̀ wo ni kí ẹ gbà ní Japan? Ìfiwéra oríṣi márùn-ún

Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé ní Japan, owó ilé ló máa kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà ni bí ibùdókọ̀ ojú irin ṣe jìnnà tó. Balùwẹ̀ ló yẹ kó ṣe ìkẹta. Oríṣiríṣi ló wà, èyí tó bá sì bọ́ sí yín lọ́wọ́ ló máa sọ bóyá ẹ ó lè wẹ̀ bí àwọn ará Japan ṣe ń wẹ̀, tàbí ẹ kàn máa dúró sábẹ́ ṣáwà kí ẹ sì jáde.

Ìlànà ìwẹ̀ wọn kò le. Ìta ọpọ́n ni wọ́n ti ń wẹ̀. Wọ́n á jókòó sórí àpótí kékeré, wọ́n á bu omi sára, wọ́n á fi ọṣẹ àti kànìnkànìn ha ara, wọ́n á sì ṣan gbogbo ìfófòó ọṣẹ kúrò. Ìgbà tí ara bá mọ́ tán ni wọ́n tó wọ inú ọpọ́n omi gbígbóná tó mù wọ́n dé èjìká. Omi kan náà ni gbogbo ará ilé máa lò, lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ tàbí ìdọ̀tí kò fi gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá jáde, wọ́n á dé ọpọ́n kí ooru má baà sá lọ kí ẹlòmíì tó wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀pọ̀ ilé ṣì ń fi omi náà fọṣọ.

Yorùbá tó dàgbà sídìí korobá àti ike ìbùmi ti mọ ìdajì ìlànà yìí tẹ́lẹ̀. Balùwẹ̀ ilé wa náà, gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ló ń gba omi, omi á sì wá ihò rẹ̀ lọ. Ìdajì kejì, ìyẹn rírì sínú omi gbígbóná lẹ́yìn tí ara ti mọ́, ló ṣàjèjì sí wa, òun náà ló sì ń mú kí yíyan balùwẹ̀ gba ìrònú.

Ohun tí ẹ máa fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ibi ìwẹ̀. *Araiba* ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, níbi tí wọ́n ti ń fọ ara. Balùwẹ̀ tí kò bá ní araiba, inú ọpọ́n lẹ ti máa fi ọṣẹ wẹ̀, omi inú rẹ̀ kò sì ní ṣeé lò fún ẹlòmíràn mọ́. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, torí pé hítà ṣeé pààrọ̀, fáànù ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ilé lọ́wọ́ onílé kò lè fi araiba kún balùwẹ̀ tí kò ní i.

Ìkejì ni hítà omi. Àwọn hítà onígáàsì ní nọ́ńbà: 16, 20 tàbí 24. Nọ́ńbà náà ni iye lítà omi tí hítà lè fi 25°C kún ooru rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà òtútù, omi ẹ̀rọ lè tutù dé 5°C. Kó tó di 40°C, ó nílò àfikún 35°C. Hítà 24 á fún yín ní nǹkan bíi lítà 17 ní ìṣẹ́jú kan, hítà 16 á fún yín ní 11 péré. Ṣáwà kan ṣoṣo ń gba nǹkan bíi lítà 10. Lórí hítà 16, bí ẹnì kan bá ń wẹ̀ lọ́wọ́ tí ẹlòmíì lọ ṣí omi gbígbóná ní kíṣìnnì, ẹni tó wà ní balùwẹ̀ á pariwo. Ẹni tó ń dá gbé kò nílò ju 16 lọ. Ìdílé ẹni mẹ́rin, kí wọ́n wá 24.

Ẹ tún béèrè bóyá ó ní *oidaki*. Hítà tó ní i á máa fa omi inú ọpọ́n padà, á mú un gbóná, á sì dá a padà sínú ọpọ́n. Bí kò bá ní i, omi gbígbóná tuntun lẹ máa máa dà kún un nígbàkigbà tó bá tutù, ẹni tó bá sì wẹ̀ kẹ́yìn ló máa ń jìyà rẹ̀.

Gáàsì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Láti gbé lítà 200 láti 15°C dé 41°C, hítà lásán á lo nǹkan bíi 0.6 m³ gáàsì ìlú (*toshi gasu*, èyí tó ń gba inú páìpù wá). Hítà tuntun tó ń tún èéfín ara rẹ̀ lò, tí wọ́n ń pè ní Eco-Jozu, á lo nǹkan bíi 0.5. Ilé tó ń lo gáàsì inú sílíńdà (*puropan*) sábà máa ń náwó ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé oníṣòwò kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí owó rẹ̀ dà bí ọ̀fẹ́, puropan ni wọ́n ń lò. Ẹ bi aṣojú onílé kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ìkẹta ni bí balùwẹ̀ ṣe ń gbẹ. Ooru àti omi tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ á mú kí ògiri bu dúdú bí afẹ́fẹ́ kò bá ń lọ. Ilé tí wọ́n bá kọ́ láti oṣù keje ọdún 2003, òfin ní kó ní fáànù tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fáànù balùwẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má ṣe pa á torí owó iná. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni kí ẹ tì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí fèrèsé bá ṣí, afẹ́fẹ́ á kàn gba ojú fèrèsé wọlé, á gba fáànù jáde, ilẹ̀ àti ìdí ọpọ́n á wà ní tútù. Bí fèrèsé bá tì, fáànù á fa afẹ́fẹ́ gba àwọn ojú ihò tóóró tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, á sì gba gbogbo yàrá náà kọjá.

Ìyókù ni owó, àti ẹni tó máa lò ó. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ṣeré rárá. Ní Japan, àwọn tó lé ní ọdún 65 tó ń kú sínú omi ọpọ́n pọ̀ ju àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ ń pa nínú wọn lọ, ìgbà òtútù ló sì pọ̀ jù. Yàrá ìbọ́ṣọ tutù, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè; omi gbóná, á já wálẹ̀ lójijì; ẹni náà á dákú sínú omi. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà ní Japan ní kí omi má kọjá 41°C, kí ènìyàn má pẹ́ ju ìṣẹ́jú 10 lọ nínú rẹ̀, kí wọ́n mú yàrá ìbọ́ṣọ lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣáájú, kí wọ́n sì rọra dìde.

1. Mẹ́ta nínú ọ̀kan (*san-ten yunitto*)

Ọpọ́n, básíà ìfọwọ́ àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn wà nínú yàrá fáíbà kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n kọ 1014 sí, 100 cm ní 140 cm ni inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ TOTO ṣe irú rẹ̀ fún Hotel New Otani ní Tokyo, nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún Olympics ọdún 1964: yàrá hòtẹ́ẹ̀lì náà lé ní 1,000, àkókò kò sì sí fún àwọn oníṣẹ́ táìlì láti parí wọn. Wọ́n bá ṣe balùwẹ̀ ní ilé iṣẹ́, wọ́n kó o wá, wọ́n tò ó. Láti ibẹ̀ ló ti dé àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké àti ilé ẹni kan ṣoṣo káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé owó ilé tó ní i sábà máa ń dín ní àwọn ìlú ńlá. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní araiba. Ó lè ní ihò omi ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é kí ẹ jókòó síwájú tọ́ílẹ́ẹ̀tì kí ẹ máa wẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti lò ó ni kí ẹ yí ètò padà. Ẹ fi ṣáwà ṣan ara, pàápàá ìdí àti ẹsẹ̀. Ẹ dí ihò ọpọ́n, ẹ pọn omi sí i, ẹ rì sínú rẹ̀. Nígbà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tú omi náà, kí ẹ wá fi ọṣẹ wẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ kọ́tìnì gbọ́dọ̀ wà nínú ọpọ́n ní gbogbo ìgbà. Bó bá wà níta, ilẹ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì á rin gbingbin, ẹni tó bá sì fẹ́ lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn yín á fi ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nù ún. Ẹ gbé bébà ìnudí jáde kí ẹ tó ṣí omi. Bí ẹ bá parí, ẹ ta kọ́tìnì náà gbalaja kó lè gbẹ. Èyí tí ẹ bá ká jọ ní tútù á bu láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tó ń bàjẹ́ jù níbẹ̀ ni ihò omi. Ihò ọpọ́n àti ihò ilẹ̀ pàdé nísàlẹ̀, nítorí náà bí irun bá dí i, omi ọpọ́n á tú jáde sí ilẹ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń di irun mọ́ àtáṣímẹ́ǹtì, kó máa ṣí ìdérí ihò náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀: fọ́nrán àtáṣímẹ́ǹtì kì í jẹrà, ó sì máa ń so kọ́ sínú páìpù.

2. Balùwẹ̀ ọ̀tọ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ (*basu-toire betsu*)

Fáíbà ni èyí náà, wọ́n sì ń tò ó láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò ní ju ọpọ́n, araiba, ṣáwà àti dígí lọ. Gbogbo yàrá náà ló ń gba omi. Ẹ lè tú ṣáwà sí ògiri, sí ilẹ̀kùn, sí àjà bí ẹ bá fẹ́. Ihò kan náà ni gbogbo rẹ̀ á gbà lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀: 1216 jẹ́ 120 cm ní 160 cm, òun lẹ máa rí jù nínú àwọn fúláàtì, 1616 wọ́pọ̀ nínú ilé ìdílé. Nínú 1216, ẹni tó ga á ká orúnkún nínú ọpọ́n. Nínú 1616, ẹsẹ̀ á nà dáadáa, òbí kan àti ọmọ kékeré á sì lè wẹ̀ pọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ ṣan ọpọ́n, ẹ dí ihò rẹ̀, ẹ gbé ìdérí lé e, ẹ tẹ bọ́tìnnì *jidō* (aládàáṣe). Hítà á pọn omi dé ìwọ̀n tí ẹ yàn, nǹkan bíi lítà 180 sí 200, ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, ohùn obìnrin kan á sì kéde pé omi ti dé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni gbígbàgbé láti dí ihò: ọ̀pọ̀ hítà kò mọ̀, á kàn máa da omi gbígbóná sí gọ́tà. Ẹ wẹ̀ tán ní araiba kí ẹ tó ṣí ìdérí. Ọṣẹ dúdú, òrí, epo àgbọn, kò sí èyí tí ẹ kò lè lò ní araiba, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́dọ̀ wà lára yín nígbà tí ẹ bá ń wọ ọpọ́n. Irun dídì náà, ẹ kó o sókè kó má kan omi.

Àwọn ìyẹ̀fun olóòórùn dídùn tí wọ́n ń dà sínú omi ìwẹ̀ pọ̀ ní ọjà, ẹ sì lè lò wọ́n. Èyí tó ní súfúrì nínú ni kí ẹ yẹra fún bí hítà yín bá ní oidaki, torí pé ó ń jẹ irin inú rẹ̀. Oidaki fúnra rẹ̀ nílò ìtọ́jú, nítorí pé ọ̀rá ara ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kan tàbí méjì, ẹ jẹ́ kí omi àlòkù bo ojú ihò tó ń fa omi, ẹ da oògùn ìfọ-páìpù sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, ẹ tẹ oidaki, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, ẹ tú u dànù, kí ẹ sì fi omi tuntun ṣe bákan náà. Ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó máa rí nínú omi náà kò ní wù ú láti jẹun.

Ìdọ̀tí mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ wà lẹ́yìn ògiri ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ balùwẹ̀ fáíbà, pákó ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n ṣeé yọ, omi àti irun sì ń kó sẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí balùwẹ̀ yín bá ń rùn láìka bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ sí, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá sì ti ìrìn àjò dé tí òórùn gọ́tà gba ilé, omi tó ń dí inú ihò ló ti gbẹ. Ẹ da korobá omi kan sí i, á lọ.

Ìkìlọ̀ kan wà tí kò ṣeé fò. Oògùn ìpa-dúdú ara ògiri ní kílórìnì nínú. Oògùn tó ń yọ funfun ara dígí jẹ́ ásíìdì. Bí méjèèjì bá pàdé, gáàsì olóró ló máa jáde, nínú yàrá kékeré tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Àwọn ìgò wọn ní Japan ń kọ ọ́ gàdàgbà sí iwájú: *mazeru na kiken*, ẹ má pò wọ́n pọ̀, ewu ni. Ẹ lò wọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ti owó, ẹni tó ni ilé tirẹ̀ tó fẹ́ pààrọ̀ fáíbà àtijọ́ sí tuntun á ná nǹkan bíi 800,000 sí 1,500,000 yen, iṣẹ́ náà á sì gba ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Á lò tó ọdún 15 sí 20 kó tó béèrè òmíràn.

Ẹ wo ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú kò dára fún ilé àgbàlagbà: bí ènìyàn bá ṣubú sẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ á dí i. Èyí tó ń ká tàbí tó ń yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dára jù. Ilé tó ní ọmọ kékeré, kí wọ́n wo bóyá kọ́kọ́rọ́ wà lókè tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Ìdérí ọpọ́n kò lè gbé ìwọ̀n ọmọ, omi tí ẹ fi pamọ́ fún ìfọṣọ lè pa á.

3. Hítà inú balùwẹ̀ (*baransu-gama*)

Nínú àwọn ilé ìjọba àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní *danchi* lẹ máa bá èyí pàdé. Hítà náà jókòó sínú balùwẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ó sì ń mí gba ara ògiri ìta. Ààyè tó gbà mú kí ọpọ́n kúrú, kó sì jìn. Ẹ máa jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tó káwọ́ mọ́ orúnkún. Ṣùgbọ́n ó ní araiba, owó ilé rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń mú omi ọpọ́n gbóná padà.

Ìlò rẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Ẹ kọ́kọ́ pọn omi dé òkè ihò òkè tó wà lára ọpọ́n. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ hítà sí ibi iná kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ṣáná sí i títí ẹ ó fi rí iná lójú fèrèsé kékeré rẹ̀, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ tó yí i sí ọpọ́n tàbí ṣáwà. Omi òkè ló máa kọ́kọ́ gbóná, ìsàlẹ̀ á ṣì tutù, nítorí náà ẹ rò ó pọ̀ kí ẹ tó fẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò ní dá dúró fúnra rẹ̀ bíi ti ìgbàlódé. Ẹni tó bá tàn án tó lọ wo fíìmù, omi híhó ló máa bá.

Ohun méjì ló léwu. Títan hítà láìsí omi lè jó o, ó sì lè dáná sun ilé. Èkejì ni ojú èémí rẹ̀ níta: bí aṣọ, ẹrù tàbí yìnyín bá dí i, iná kò ní jó dáadáa, èéfín olóró lè wọlé. Ṣáwà rẹ̀ kì í lágbára púpọ̀. Bí onílé bá gbà, hítà kan wà tí wọ́n ń kì bọ inú ihò ògiri náà gan-an. Ìyẹn á yọ hítà kúrò nínú balùwẹ̀, ọpọ́n tó gùn sì á lè wọ ibẹ̀.

4. Alátáìlì (*zairai*) àti aláàbọ̀

Èyí ni balùwẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ kọ́ sójú ibẹ̀: símẹ́ńtì, ohun tí kò jẹ́ kí omi jò, táìlì lórí rẹ̀. Ìwọ̀n tó wù yín ló lè ní, igi hinoki tàbí òkúta lè wà níbẹ̀. Ó lẹ́wà, kò sí àníàní. Ó sì tutù: ẹsẹ̀ lórí táìlì ní oṣù kìíní máa ń dun ènìyàn dé orí.

Ìyọnu rẹ̀ wà lábẹ́. Igi ni ọ̀pọ̀ ilé ìdílé ní Japan. Bí ojú ìpàdé táìlì bá sán, omi á máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á dé igi ìpìlẹ̀, igi á jẹrà, ikán á sì dé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé àtijọ́ tó ní irú balùwẹ̀ yìí, kó jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wò ó kó tó sanwó. Ẹ tún wo ẹnu ọ̀nà: nínú ọ̀pọ̀ wọn, ilẹ̀ balùwẹ̀ jìn ju ti yàrá ìbọ́ṣọ lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti ń ṣubú. Pípààrọ̀ rẹ̀ sí fáíbà ń gba owó àti ọjọ́ ju fáíbà sí fáíbà lọ, torí pé wọ́n gbọ́dọ̀ wó táìlì, kí wọ́n sì tún ilẹ̀ dà.

Ọpọ́n hinoki ní òfin tirẹ̀: ẹ má fi omi sílẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́jú, ẹ má sì sá a sí oòrùn, èkíní ń mú un yọ̀, èkejì ń mú un là.

Aláàbọ̀ ni fáíbà nísàlẹ̀, tí ọpọ́n àti ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, tí ògiri òkè sì jẹ́ igi tàbí táìlì tó wù yín. Ó wọ́n ju fáíbà lódindi lọ, àwọn oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sì pọ̀. Onílé nìkan ló kàn.

5. Ilé tí kò ní balùwẹ̀, àti *sento*

Àwọn yàrá àtijọ́ kan wà ní Tokyo àti Osaka tí kò ní balùwẹ̀ rárá. Owó wọn kéré. *Sento*, ilé ìwẹ̀ àdúgbò, ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń lọ. Ní Tokyo, owó àgbàlagbà di 550 yen ní ọdún 2024. Bí ẹ bá ń lọ lójoojúmọ́, 16,500 yen nìyẹn ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ fi kún owó ilé kí ẹ tó sọ pé ó pọ́ọ́kú. Àwọn sento náà ń dín kù: ní ọdún 1968 wọ́n tó nǹkan bíi 18,000 ní gbogbo Japan, ní báyìí wọn kò tó 2,000. Ẹ wo èyí tó sún mọ́ yín, ọjọ́ tí wọ́n ń sinmi, àti ìgbà tí wọ́n ń ṣí. Ọ̀pọ̀ kì í ṣí títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Omi ibẹ̀ sábà máa ń gbóná ju ti ilé lọ, ọpọ́n rẹ̀ tóbi, kò sì sí fífọ balùwẹ̀ fún yín. Ìhòòhò ni gbogbo ènìyàn ń wọlé, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sanwó, ẹ bọ́ aṣọ, ẹ mú aṣọ ìnura kékeré àti ọṣẹ dání. Ẹ jókòó sórí àpótí, ẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ ṣan àpótí náà fún ẹni tó ń bọ̀, kí ẹ tó wọ omi. Aṣọ ìnura kò gbọ́dọ̀ kan omi. Orí ni ọ̀pọ̀ ń gbé e lé. Ẹni tó ya àwòrán sára, kó béèrè tẹ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ sento àdúgbò kò bìkítà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwẹ̀ ńlá àti onsen (ibi ìwẹ̀ olómi gbígbóná inú ilẹ̀) á dá a padà.

Àwọn ilé tuntun kan tún wà tó jẹ́ ṣáwà nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn ọpọ́n kò ní pàdánù nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ sílé

Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, araiba ti wà nínú balùwẹ̀ yín. Ọpọ́n ló kù. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rọra fi sẹ́ǹtímítà kan sí méjì lọ sílẹ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà ihò. Omi ẹ̀rọ wa tó wà ní nǹkan bíi 27°C kò nílò iná púpọ̀: lítà 200 dé 41°C á gba nǹkan bíi 3.3 kWh. Hítà lítà 50 tó gbóná dé 65°C kò tó, torí nǹkan bíi lítà 136 ló máa fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó mọ́ omi tútù. Bí ó bá jẹ́ òkè ilé, omi, ọpọ́n àti ènìyàn á tó 300 kg lórí ààyè tí kò tó mítà kan níbùú lóròó. Kí injiníà wo dẹ́kì náà kí ẹ tó gbé ọpọ́n wá.

Ní London, omi tó tutù dé 10°C á gba nǹkan bíi 7.2 kWh fún ọpọ́n kan náà. Fún òbí tó ti dàgbà, ilẹ̀ tó ń gba omi láìsí ọpọ́n ló wúlò jù níbẹ̀, káńsù ní England sì lè ran ẹni tó bá tọ́ sí lọ́wọ́ pẹ̀lú Disabled Facilities Grant, tó lè dé £30,000.

Ta ni kó mú èwo

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá gbé, tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì jẹ́ ṣáwà ló ń lò: mẹ́ta nínú ọ̀kan, pẹ̀lú toshi gasu. Nígbà tó bá wù ú láti rì sínú omi, kó lọ sí sento lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Owó rẹ̀ ṣì máa dín.

Tọkọtaya, tàbí ẹni méjì tó jọ ń gbé: balùwẹ̀ ọ̀tọ̀, 1216, hítà 20. Oidaki kò pọn dandan bí ẹ bá ń wẹ̀ tẹ̀lé ara yín.

Ìdílé tó ní ọmọ: 1616, hítà 24, oidaki, kọ́kọ́rọ́ òkè lára ilẹ̀kùn. Níbi yìí, ẹ má dín ọ̀kankan kù.

Ẹni tó fẹ́ owó ilé tó kéré ṣùgbọ́n tó fẹ́ wẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀: danchi tó ní baransu-gama, bí ó bá lè fara balẹ̀ kọ́ títan rẹ̀. Ẹni tó máa ń gbàgbé ìkòkò lórí iná, kó jìnnà sí i.

Ẹni tó fẹ́ ra ilé àtijọ́ tó ní balùwẹ̀ alátáìlì: kó fi owó pípààrọ̀ balùwẹ̀ kún iye tó máa ná kó tó dúnàádúrà. Bí àgbàlagbà bá máa gbé níbẹ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀ sí fáíbà tó ní ilẹ̀kùn ìyọ́sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun ìdìmú lára ògiri, ẹnu ọ̀nà tó tẹ́jú, etí ọpọ́n tó ga ní 40 sí 45 cm láti ilẹ̀, àti ẹ̀rọ amúyàrágbóná ní àjà, tí wọ́n á ti tàn ṣáájú kí baba tàbí ìyá tó bọ́ aṣọ.